Aràn Tó Wá Kí Ìyá Ìkókó

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin ọmọ. Ẹni tó ń jẹ àgbàdo, kó máa rún un jẹ́ẹ́jẹ́. Àlọ́ mi fò pìrì, kò bà lé igi, kò bà lé òkúta, orí Ẹtu tó ní kọ̀ǹpútà nínú ilé ló bà lé.

Ní ìlú àwọn ẹranko láyé ọjọ́un, kò sí ilé tí kò ní kọ̀ǹpútà. Òun ni wọ́n fi ń kí ara wọn, òun ni wọ́n fi ń polówó ẹyìn ọ̀pẹ. Wáyà ló so gbogbo rẹ̀ pọ̀ láti ilé dé ilé. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ti Ẹtu ju ọjà lọ. Ohùn ìyá rẹ̀ tó ti kú wà níbẹ̀, níbi tó ti ń ki oríkì ìdílé wọn láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Kò sí ẹlòmíràn láyé tó mọ oríkì náà mọ́. Nígbà tí Ẹtu lóyún, ó ní, "Lọ́jọ́ tí mo bá sọ ọmọ mi lórúkọ, ìyá mi ni yóò kì í."

Ẹtu bí ọmọbìnrin. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì kò tíì mọ́ tán tí ìkíni kan fi wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Kò sí orúkọ ẹni tó fi ránṣẹ́. Ohun tó wà níbẹ̀ ni, "Ẹ kú ewu ọmọ. Ẹ ṣí ẹ̀bùn yín."

Lékeléke, tó máa ń tún kọ̀ǹpútà ìlú ṣe, ti wá kí ọmọ. Ó ní, "Ìyá ìkókó, ta ló fi èyí ránṣẹ́?"

"Mi ò mọ̀."

"Má ṣí i nígbà náà."

Ẹtu wò ó lójú. "Kí wọ́n kí mi kú ewu, kí n wá máa bi wọ́n pé ọmọ ta ni wọ́n? Wọn á ní ìyá mi ò kọ́ mi."

Ó ṣí i. Òfìfo ni. Kò mọ̀ pé Aràn, kòkòrò tó ń jẹ ohun inú kọ̀ǹpútà, ti wọlé fìrí, ó sì ti dá orin sílẹ̀. Ẹ bá mi gbè é. "Rùgù-n-rúgú" lẹ ó máa wí.

Mo wá kí ìyá ìkókó,
*Rùgù-n-rúgú.*
Mi ò mú ẹ̀bùn wá, ẹnu ni mo mú wá,
*Rùgù-n-rúgú.*
Ó ṣílẹ̀kùn, ó ní kí n jókòó,
*Rùgù-n-rúgú.*
Mo jẹ tibí tán, ó kan ilé kejì,
*Rùgù-n-rúgú.*

Bí Aràn ti ń jẹ ló ń bímọ. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á gbé orúkọ Ẹtu wọ̀ bí aṣọ, á sì gba orí wáyà lọ sí ilé ẹlòmíràn. Nígbà tó di ọ̀sán, Àkùkọ dé, ogbe orí rẹ̀ ti rọ.

"Ìyá ìkókó, ìwọ lo kí mi kú ewu ọmọ?"

"Èmi kọ́."

"Orúkọ rẹ ló wà níbẹ̀. Ìyàwó mi ló kà á. Ó ní kí n fi obìnrin tó bímọ fún mi han òun. Láti àárọ̀ mi ò tíì fẹnu kan nǹkan."

Àgbébọ̀, ìyàwó rẹ̀, ti dúró sẹ́yìn rẹ̀. "Mo ṣí ẹ̀bùn yẹn, mi ò bá nǹkan kan. Ó ti kó o lọ fún un."

Ẹtu rántí pé òfìfo ni tòun náà. Ó sáré lọ tẹ ohùn ìyá rẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ oríkì ti lọ. Àárín ni ohùn náà ti bẹ̀rẹ̀, bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ká ọwọ́ kúrò lẹ́nu rẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Lékeléke. Ó fa wáyà yọ, pàtì. Ó ki ẹnu bọ inú kọ̀ǹpútà, ó ń ṣa aràn, ṣá, ṣá, ṣá, títí ó fi mọ́.

"Ó ti jẹ ìbẹ̀rẹ̀," ló wí. "Ibi tí wọ́n ti ń ki ọmọbìnrin ṣì kù. Fi ohùn yìí pamọ́ sí ibòmíràn kó o tó dá wáyà padà."

Ẹtu ní, "Ó di lẹ́yìn ìkómọ. Àlejò ti pọ̀ jù."

Lékeléke wá sọ fún ìlú pé, "Kí olúkúlùkù yọ wáyà rẹ̀. Mò ń bọ̀ wá ṣa ilé gbogbo. Bí ilé kan ṣoṣo bá ṣẹ́ kù, ibẹ̀ ni yóò ti padà."

Gbogbo wọn gbà, àfi Òkété. Òun náà ti ṣí ìkíni Aràn. Ṣùgbọ́n ó jókòó, ó ń rò ó pé, "Bí wọ́n bá yọ wáyà tán, èmi nìkan ni yóò máa ta ẹyìn fún àwọn ará òkèèrè." Nígbà tí Lékeléke dé ẹnu ọ̀nà, imú nìkan ló yọ síta.

"Tèmi mọ́, ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣa á fúnra mi."

"O mọ̀ ọ́n ṣa?"

"Ẹ̀yin nìkan kọ́ lẹ lẹ́nu."

Lékeléke kọjá lọ.

Ọjọ́ ìkómọ pé. Gbogbo ìlú ní ilé àwọn ti mọ́, Òkété náà wí bẹ́ẹ̀. Ẹtu dá wáyà padà, kí àwọn ẹbí tó wà lókèèrè lè gbọ́ ìyá rẹ̀. Wọ́n fi oyin tọ́ ọmọ lẹ́nu. Wọ́n fi iyọ̀ tọ́ ọ. Ẹtu gbé ọmọ sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó ní, "Ẹ dákẹ́. Ìyá mi fẹ́ sọ̀rọ̀."

Ó tẹ̀ ẹ́. Ohun tó jáde ni:

Mo wá kí ìyá ìkókó...

Ẹ̀yin ọmọ, kí ló dé tí ẹ ò gbè é? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni wọ́n dákẹ́ lọ́jọ́ náà. Ẹtu tẹ̀ ẹ́, ó tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí ìyá níbẹ̀ mọ́.

Lékeléke tọ wáyà láti ilé dé ilé títí ó fi dé ilé Òkété. Òun àti àwọn tó tẹ̀ lé e ti ilẹ̀kùn ṣí. Aràn kún ilé dé òrùlé, wọ́n ń rìn wọ̀yà-wọ̀yà. Wọ́n ti jẹ ọjà Òkété pàápàá tán.

"Òkété, o ní o ti ṣa á."

"Ẹyìn díẹ̀ ni mo fẹ́ tà."

Ẹtu kò nà án, kò bú u. Ó kàn bi í pé, "Ẹyìn mélòó ni ohùn ìyá mi?"

Òkété wojú gbogbo wọn. Ibi tó dúró sí náà ló ti ń fọwọ́ gbẹ́ ilẹ̀, ó sì wọlé lọ. Ìdí nìyẹn tó fi ń gbé inú ihò títí dòní, tí kì í jáde níṣojú ẹnikẹ́ni. Ẹtu ní tirẹ̀, bí ewé bá mì báyìí, á na etí. Ó ṣì ń retí ìyá rẹ̀.

Ibi tí àlọ́ mi rìn dé nìyí, ẹsẹ̀ ti ń dùn ún, ó jókòó. Ẹ̀kọ́ rẹ̀ ni pé kí á mọ ẹni tó ń kí wa kí á tó ṣílẹ̀kùn fún un, àti pé ẹni tó bá fi àrùn ilé rẹ̀ pamọ́ nítorí èrè, ilé aládùúgbò ló ń bà jẹ́. Bí mo bá parọ́ níbẹ̀, kí eyín mi má lè gé àgbàdo tó wà lọ́wọ́ mi yìí. Ẹ wò ó. Ó gé e.