Ìkòkò Tí Àwẹ̀ró Kò Fẹ́ Gbé Kaná

Ní ìlú kékeré kan tí wọ́n ń pè ní Ìsàlẹ̀-Amọ̀, obìnrin kan wà tí ó ń jẹ́ Àwẹ̀ró. Iṣẹ́ agbẹ̀bí ni iṣẹ́ rẹ̀, ó sì mọ̀ ọ́n dójú àmì. Ṣùgbọ́n ìdí ìkòkò mímọ ni ọkàn rẹ̀ wà. Ìyá rẹ̀ ni ó kọ́ ọ, ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ sì ni ó ti ń ṣe é. Bí kò bá ti sí ẹni tó ń rọbí nílùú, ibẹ̀ ni wọn yóò ti bá a, tí amọ̀ ti dé ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀. Kì í ṣe ohun àwòṣífìlà ni ó ń fẹ́ mọ o. Ìkòkò ọbẹ̀ ni, àmù omi, àwo tí ènìyàn lè fi jẹun kí ó yó.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ọmọ kì í dúró de amọ̀, amọ̀ náà kì í sì í dúró de ọmọ. Àwẹ̀ró á mọ ìkòkò dé ìdajì, wọ́n á wá pè é. Kí ó tó padà dé, amọ̀ á ti gbẹ, á ti sán. Àwọn ará ìlú a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ mọ ọmọ tí Àwẹ̀ró gbẹ̀bí rẹ̀, kí ó wo ẹ̀yìn etí rẹ̀, yóò rí amọ̀ níbẹ̀. Ọdẹ́wálé ọkọ rẹ̀ á rẹ́rìn-ín ju gbogbo wọn lọ, nítorí ó fẹ́ràn ìyàwó rẹ̀ tamọ̀tamọ̀.

Ẹ̀rín di ọ̀ràn lọ́jọ́ tí ìyàwó Akínbọ̀dé ń rọbí. Wọ́n wá pe Àwẹ̀ró, ó ń mọ ọrùn àmù kan lọ́wọ́, ó ní òun ń bọ̀. Ìgbà tí ó fi máa débẹ̀, ọmọ ti wà lórí ẹní. Ìyá ìyàwó ni ó gbà á, kì í sì í ṣe agbẹ̀bí. Ìyá yè, ọmọ yè, ṣùgbọ́n inú bí àwọn obìnrin ìlú, wọn kò sì jẹ̀bi.

Ìyá Àrìnpé, tí í ṣe olórí àwọn obìnrin, ránṣẹ́ pè é. Ìyá àgbà náà kò jágbe mọ́ ọn. Ó kàn sọ fún un pé àwọn obìnrin ní kí ó fi amọ̀ sílẹ̀, pé láti ìgbà tó ti ń mọ ìkòkò, kò tíì sí ẹni tó jẹun nínú ìkòkò rẹ̀ kan rí. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀, ó bú sẹ́kún.

Ó ní, “Ìyá, ẹ̀bí gbígbà ni ẹ̀yin fi mọ̀ mí. Amọ̀ ni èmi fi mọ ara mi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbà á lọ́wọ́ mi.”

Àánú rẹ̀ ṣe Ìyá Àrìnpé. Ó ní kí ó lọ mọ ìkòkò ọbẹ̀ kan ṣoṣo. Nígbà tí àwọn obìnrin bá pàdé ní àgbàlá òun láti jẹ iṣu tuntun, inú rẹ̀ ni kí ó ti se ọbẹ̀ tí wọn yóò jẹ. Bí ìkòkò náà bá se ọbẹ̀, ìlú yóò wá ọ̀nà tí iṣẹ́ méjèèjì yóò fi gba ara wọn láàyè. Bí ó bá fọ́, ó parí nìyẹn.

Àwẹ̀ró gún amọ̀, ó kúnná. Ó mọ ìdí ìkòkò náà, ó fi í sílẹ̀ kí ó le díẹ̀ kí ó tó mọ ọrùn lé e. Àkókò yẹn gan-an ni wọ́n wá pè é láti abúlé kejì, pé obìnrin kan ń rọbí ìbejì. Lọ́tẹ̀ yìí, kò wẹ̀yìn. Ọdẹ́wálé ni kò lọ sóko. Ó já ewé kókò, ó rẹ ẹ́ sómi, ó fi bo etí amọ̀ náà, ó sì ń wọ́n omi sí i títí ìyàwó rẹ̀ fi dé. Amọ̀ ṣì rọ̀. Àwẹ̀ró mọ ọrùn lé e, nígbà tí ó sì gbẹ tán, ó sun ún nínú iná igi àti koríko. Kò sán.

Síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Gbogbo amọ̀kòkò ló mọ̀ pé ìkòkò lè la iná sísun já, kí ó wá fọ́ lọ́jọ́ tí omi àti iná bá pàdé lára rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ tí ó máa ń sun iṣu títí yóò fi di èédú, ṣé òun ni yóò mọ ìwọ̀n omi tó tó amọ̀? Ìkòkò náà sì rẹwà, ó pọ́n bí epo. Àwẹ̀ró gbé e sórí òṣùká nínú yàrá, ó ń nù ún ní àárọ̀, ó ń nù ún ní alẹ́. Bí Ọdẹ́wálé bá ní kí ó gbé e kaná wò, á ní ó di ọ̀la.

Ọdẹ́wálé ní, “Bí o kò bá gbé e kaná, báwo ni n ó ṣe mọ̀ bóyá ewé mi ṣiṣẹ́?”

Àwẹ̀ró tún mú aṣọ, ó ń nu ìkòkò.

Ọjọ́ iṣu tuntun pé. Bí àwọn obìnrin ṣe ń gúnyán lọ́wọ́ ní àgbàlá Ìyá Àrìnpé, Àwẹ̀ró wà nílé, ó ń fi ògbólógbòó ìkòkò ìyá rẹ̀ se ọbẹ̀. Nígbà tí ó jinná, ó dà á sínú ìkòkò tuntun, ó gbé e lọ. Gbogbo wọn ń yìn ín. Ìyá Àrìnpé ní kí wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ òun. Ó fi àtẹ́lẹwọ́ nu ìdí ìkòkò náà, ó wo ọwọ́ rẹ̀. Èédú kankan kò sí níbẹ̀. Ó ní kí Àwẹ̀ró gbé e tẹ̀lé òun lọ sí ilé ìdáná. Ọdẹ́wálé, tó kó igi wá, ti wà níbẹ̀.

Ìyá àgbà náà bi í pé, “Ọmọ mi, ìkòkò wo ló jẹ ata yìí? Èyí ni, àbí èyí tó wà nílé rẹ?”

Àwẹ̀ró kúnlẹ̀. “Ẹ̀rù ń bà mí, Ìyá. Bí ó bá fọ́, amọ̀ lọ mọ́ mi lọ́wọ́ nìyẹn.”

“Bí o kò bá gbé e kaná, ó ti lọ náà.”

Àwẹ̀ró dìde, ó gbé ìkòkò náà lé ààrò fúnra rẹ̀. Ọdẹ́wálé kò dúró kí wọ́n bẹ òun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́ iná. Gbogbo ọbẹ̀ tí àwọn obìnrin ń dúró dè wà nínú rẹ̀. Nígbà tí iná ràn, ìkòkò náà dún kó lẹ́ẹ̀kan. Àwẹ̀ró di ojú, ó gbá apá ọkọ rẹ̀ mú. Wọ́n dúró títí. Kò dún mọ́. Ìdí tó pọ́n bí epo ti dúdú, èéfín sì ti gun ara rẹ̀ dé ọrùn. Ọbẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í hó, òórùn rẹ̀ sì gba gbogbo àgbàlá. Àwẹ̀ró fi orí lé èjìká Ọdẹ́wálé, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín.

Wọ́n jẹ iyán lọ́jọ́ náà, wọ́n sì fi ìka nu ìkòkò. Àwọn obìnrin fẹnu kò pé aboyún tí oṣù rẹ̀ bá ti pé yóò máa sọ fún Àwẹ̀ró ṣáájú, kí ó má bàa bẹ̀rẹ̀ ìkòkò ńlá nígbà náà. Bí ìpè òjijì bá sì dé, Ọdẹ́wálé ni olùtọ́jú amọ̀. Nígbà tí ẹnì kan bi Ìyá Àrìnpé ìdí tí ìkòkò tó rẹwà bẹ́ẹ̀ fi dúdú lójijì, ó dáhùn, ẹnu rẹ̀ ni àwọn àgbà sì ti gba ọ̀rọ̀ náà tí wọ́n fi ń pòwe títí dòní pé: ìkòkò tí yóò jẹ ata, ìdí rẹ̀ á kọ́kọ́ gbóná.