Baálé Tí Kì Í Jẹ́ Kí Ẹnikẹ́ni Kọjá

Ọkùnrin kan wà tí ilé rẹ̀ dojú kọ ọ̀nà oko. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, iwájú ilé yìí ni gbogbo ará abúlé ń gbà kọjá. Wọ́n á kí i pé, "Ẹ kú ìjókòó o, bàbá." Ohun tí ẹni tó jókòó ń ṣe, gbogbo wa la mọ̀ ọ́n: á ní, "O o, ẹ rọra o," ẹni tó ń lọ á sì máa bá tirẹ̀ lọ.

Ti ọkùnrin yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni bá ti kí i, dandan ni kó jókòó. Ẹni tó bá fajú ro kọjá, á bi í pé kí ni òun ṣe. Ẹni tó bá ṣèèṣì mẹ́nu ba ẹjọ́ ilẹ̀ tó ti parí láti ọdún mẹ́wàá, wọ́n á tún un rò látìbẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀kan bá dìde, á nawọ́ mú òmíràn. Síbẹ̀, ó ń ráhùn pé àlejò kò jẹ́ kí òun sinmi, àwọn èèyàn sì ń bá a kẹ́dùn. Ẹ ò rí ayé.

Ìyàwó rẹ̀ wà nínú yàrá, àrùn rọpárọsẹ̀ ti dá a dùbúlẹ̀. Apá kan ara rẹ̀ ti kú, ohùn rẹ̀ kò ju kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ lọ. Ọkùnrin náà fẹ́ràn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má sọ pé kò fẹ́ràn rẹ̀.

Lọ́jọ́ kan, obìnrin náà pè é pé òun fẹ́ mu omi. Ó gbọ́, ó ní, "Mò ń bọ̀." Ó ti dìde tán kí akọpẹ kan tó kí i láti ojú ọ̀nà. Ẹ̀gbọ́n akọpẹ yìí ti fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí. Ó mú akọpẹ lápá, ó fi í jókòó, ó ń bi í ní ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní lọ́kàn lọ́jọ́ tó fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Nígbà tó wọlé, ó bá ìyàwó rẹ̀ nílẹ̀. Ó ti fi ọwọ́ kan tó kù wọ́ ara rẹ̀ dé ìdí àmù, ibẹ̀ ló kú sí.

Ọkùnrin náà ń ké pé àlejò ló ba ti òun jẹ́. Akọpẹ ní, "Ẹ má bínú, bàbá. Mo kàn kí yín ni. Ẹ̀yin lẹ dì mí lápá mú."

Ìyá Morádékẹ́, ìwọ ni mò ń bá wí. Ìrònú tó ń wá látìgbà tí ọkọ rẹ ti lọ, pé ká ní o tètè gbé e dé ilé ìwòsàn, ẹni tó ń kọjá ni. Ìwọ lo fún un ní àga. Bó bá tún dé, mí kanlẹ̀, kí o ní, "Mo rí ọ," kí o jẹ́ kó máa lọ. Má lé e, má sì bi í ní nǹkan kan. Bí o bá rí i pé o ti dì í mú, tú ọwọ́ rẹ. Òmíràn á dé; ṣe bẹ́ẹ̀ fún ìyẹn náà. Mi ò ní tàn ọ́ pé wọn ò ní wá mọ́. Títí ọjọ́ ogbó rẹ ni wọn ó máa gba ibẹ̀ kọjá, yóò sì máa dùn ọ́.

Ṣùgbọ́n bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Látìgbà tí mo ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ yìí, ọmọ rẹ ti pè ọ́ lẹ́ẹ̀mejì.