Ìdí Tí Kámẹ́rà Fi Ń Ṣẹ́jú

Nígbà láéláé, nígbà tí Kámẹ́rà kò tíì ní ìpéǹpéjú, ìdérí ni wọ́n fi ń bo ojú rẹ̀ bí ẹni dé ìkòkò. Fíìmù ń gbé nínú ikùn rẹ̀, nínú yàrá tó ṣókùnkùn. Awọ Fíìmù fẹ́lẹ́, ó sì ní iyè nínú: ohun tí Ìmọ́lẹ̀ bá wọlé wá sọ fún un, kì í gbàgbé.

Bí onífótò bá ṣí ìdérí, Ìmọ́lẹ̀ a wọlé, a jókòó, a máa rojọ́ títí ọ̀rọ̀ yóò fi tán lẹ́nu rẹ̀. Fíìmù kò jẹ́ sọ pé ó tó, nítorí a kì í lé àlejò. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin ọmọ, bí ọ̀rọ̀ bá pọ̀ ju etí lọ, etí kì í mú ọ̀kan. Gbogbo fótò ayé ìgbà náà ló funfun báláú.

Ọkùnrin kan gba tirẹ̀, ó gbé e sókè, ó ní, “Mi ò mọ̀ pé mo rẹwà tó báyìí.”

Ìyàwó rẹ̀ ní, “Bàbá Àlàó, fótò tèmi lẹ mú dání.”

Ìbídùnní ni onífótò ìlú náà. Lọ́jọ́ kan, Màmá Wúràọlá ránṣẹ́ pè é. Wúràọlá, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, fẹ́ bá ọkọ rẹ̀ lọ sí òdìkejì òkun, ọkọ̀ ojú omi yóò sì gbéra kí oòrùn tó wọ̀.

“Ìbídùnní ọmọ mi,” ni ìyá náà wí, “àwọn ọmọ tí Wúràọlá máa bí lọ́hùn-ún, ẹsẹ̀ mi ò lè gbé mi dé ọ̀dọ̀ wọn. Mo fẹ́ kí wọ́n rí ilà pélé mi, kí wọ́n mọ ibi tí wọ́n ti ṣẹ̀ wá.”

Ó wé gèlè funfun, ó jókòó síwájú ilé. Ìbídùnní ṣí ìdérí. Ìmọ́lẹ̀ wọlé, ó rojọ́ bí ìṣe rẹ̀. Nígbà tí Ìbídùnní fọ fótò náà nínú yàrá òkùnkùn tó sì mú un jáde, kò sí gèlè níbẹ̀, kò sí ojú.

Màmá yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. “Ibo ni mo wà nínú rẹ̀?”

Ìbídùnní yíjú sí Fíìmù. “Kí ló dé tí o ò sọ fún Ìmọ́lẹ̀ pé kó dìde?”

“Àlejò mi ni, Àǹtí. Ṣé kí n ti àlejò síta ni?”

“Èwo ni tèmi níbẹ̀?” ni Ìmọ́lẹ̀ dá sí i. “Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó tó. Etí ẹ ni ò gba ọ̀rọ̀.”

“Ẹnu ẹ ni ò ní ilẹ̀kùn,” ni Fíìmù dá a lóhùn.

Ibi tí wọ́n ti ń bú ara wọn ni ọgbọ́n ti dé. Ìbídùnní gé aṣọ dúdú, ó rán an mọ́ ojú Kámẹ́rà bí ìpéǹpéjú.

“Kámẹ́rà, ìwọ lo ni ilé,” ó ní. “Bí o bá ti ṣẹ́jú, kí Ìmọ́lẹ̀ dìde. Ìmọ́lẹ̀, ṣé o gbà?”

“Mo gbà. Bí ilẹ̀kùn bá ti padé, mi ò ní kàn án.”

Kámẹ́rà kọjú sí Màmá. Gèlè funfun náà ń tàn yòò nínú oòrùn. Ẹ̀rù ba Kámẹ́rà, ó ṣẹ́jú wéré. Nínú fótò kejì yìí, gbogbo ìṣẹ́po gèlè ló pé pérépéré, ṣùgbọ́n ojú dúdú bí ìdí ìkòkò.

“Gèlè mi rèé,” ni Màmá wí. “Orí tó wé e dà?”

Wúràọlá rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n omi wà lójú rẹ̀. Wọ́n ti ń gbé ẹrù rẹ̀ lọ sí èbúté.

Ìbídùnní kò fọwọ́ kan Kámẹ́rà mọ́. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó di ojú kan, ó ń wo ìyá náà. Ó rí i pé ohùn Ìmọ́lẹ̀ kì í dọ́gba. Lórí gèlè, ariwo ló ń pa. Lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ dúdú, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ló ń sọ̀rọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ ní láti dúró díẹ̀ sí i. Bó bá sì dúró, ariwo gèlè yóò pọ̀ jù. Èwo wá ni kò gbọ́dọ̀ sọnù? Ó fi ọkàn ya fótò náà kó tó fi Kámẹ́rà yà á.

“Màmá, ìṣẹ́po gèlè yín lè má hàn o.”

“Gèlè wà lọ́jà, ọmọ mi.”

Ìbídùnní gbé àpótí ìjókòó lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí ariwo gèlè ti rọlẹ̀ díẹ̀. Ó sọ fún Kámẹ́rà pé, “Má wo gèlè. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ni kí o wò. Jẹ́ kí Ìmọ́lẹ̀ sọ ti ẹ̀rẹ̀kẹ́ tán kí o tó ṣẹ́jú.”

Kámẹ́rà lajú. Ó ní sùúrù. Ó ṣẹ́jú: kẹ́.

Gèlè di funfun kan bí ìkuukùu òwúrọ̀, ṣùgbọ́n lábẹ́ rẹ̀, ilà pélé hàn ketekete, pẹ̀lú ẹ̀rín kékeré tí Màmá kò mọ̀ pé òun rín. Wúràọlá fi aṣọ wé fótò náà, ó fi í sáyà, ó sì lọ wọkọ̀.

Láti ọjọ́ náà ni kámẹ́rà ti ń ṣẹ́jú, tó sì ń dún kẹ́ bó bá tilẹ̀kùn mọ́ Ìmọ́lẹ̀. Láti ọjọ́ náà sì ni onífótò tó mọṣẹ́ ti máa ń dúró, tí í di ojú kan, tí í dákẹ́ jẹ́ẹ́. Ẹ má ṣe kán an lójú. Ohun tí kò gbọ́dọ̀ sọnù ló ń yàn.