Táyà Tí Ìgbín Yẹ̀ Wò Lábẹ́ Igi

Ààlọ́ o!

Ààlọ̀!

Àlọ́ mi gbéra ńlẹ̀, ó yí gbirigbiri, kò dúró níbì kankan àfi ẹnu ọ̀nà Ìyá Ẹtu.

Ní ayé àtijọ́, àwọn ẹranko ní mọ́tò, wọ́n sì máa ń fi í díje lọ́dọọdún. Ọ̀sán gangan ni wọ́n máa ń sáré náà. Kálukú ló ń ra táyà tirẹ̀, ẹni tó bá sì fìdí rẹmi á ní táyà ló fà á. Ariwo pọ̀. Erin, ọba wọn, wá pàṣẹ pé ẹnì kan ṣoṣo ni yóò máa ta táyà fún gbogbo wọn. Ó fi Ìgbín ṣe alága àwọn tí yóò yan ẹni náà. Ìgbín ló yẹ, torí òun nìkan ni kò bá ẹnikẹ́ni du ipò kìíní rí.

Ọ̀bọ gbé táyà wá. Òkété náà gbé tirẹ̀ wá. Ti Ọ̀bọ rọ̀, ó ń di ilẹ̀ mú. Ti Òkété le, kò yá. Ìgbín yẹ méjèèjì wò láàárọ̀ kùtùkùtù, nínú ìrì, lábẹ́ igi. Ẹ mọ̀ pé Ìgbín kì í jáde sóòrùn. Ó mú ti Ọ̀bọ. Ó ní ẹni tó bá lo òmíràn kò ní wọ pápá.

Ìyá Ẹtu ní ọmọ kan ṣoṣo, Àkàngbé. Awakọ̀ ni. Ìyá náà gba ọ̀dọ̀ Ìgbín lọ.

"Bàbá, ọ̀sán la máa ń sáré. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yẹ táyà yìí wò lọ́sàn-án."

"Ṣé ẹ fẹ́ kí oòrùn pa mí ni?"

"Rárá o, bàbá. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni kú ni."

Ìgbín wọnú ìkarawun rẹ̀ lọ. Ìyá Ẹtu dúró síta, ó ń kọrin:

Ẹ gbé táyà sóòrùn o
*Gbirigbiri, ó ń yí*
Ẹ jẹ́ kó rí ọ̀sán
*Gbirigbiri, ó ń yí*
Ọmọ kan ni mo bí, mi ò bí méjì
*Gbirigbiri, ó ń yí*

Ó lọ bá Erin. Ó kọrin náà fún un. Erin ní, "Alága ti sọ̀rọ̀, Ìyá Ẹtu. Máa lọ sílé."

Ó lọ bá Àkàngbé. "Ọmọ mi, má sáré lọ́dún yìí."

Àkàngbé rẹ́rìn-ín. "Màámi, ṣé kí Ọ̀yà wá gba ipò kìíní ni? Ọ̀yà tó máa ń dúró jẹ koríko lójú ọ̀nà?"

Ìyá rẹ̀ kọrin náà lẹ́ẹ̀kẹta.

Ọjọ́ pé. Oòrùn mú. Táyà Ọ̀bọ tó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò Àkàngbé gbóná, ó rọ̀ jù, ó bẹ́ ní kọ́nà kẹta. Mọ́tò náà gbókìtì. Àkàngbé kò dìde.

Oòrùn wọ̀ tán kí Ìgbín tó dé. Ó ní ọ̀rọ̀ náà dun òun, ṣùgbọ́n táyà yẹn dára. "Mo fọwọ́ ara mi kàn án láàárọ̀. Ó tutù." Ìgbín kò lọ́wọ́, ṣùgbọ́n ohun tó sọ nìyẹn.

Ìyá Ẹtu fọwọ́ kan ọmọ rẹ̀. Ó ní, "Òun náà ti tutù báyìí, bàbá."

Erin wá ṣòfin pé láti ọjọ́ náà lọ, ọ̀sán ni kí wọ́n máa yẹ táyà wò. Òfin náà dára. Wọ́n kà á sí Ìyá Ẹtu létí. Ó ní òun gbọ́.

Ìdí nìyẹn tí ẹtu fi máa ń dúró, tó máa ń fẹsẹ̀ kan ilẹ̀ wò, kó tó sáré. Ó ń wò ó bóyá ó gbóná.

Àlọ́ yìí kọ́ wa pé ẹni tí a bá ní kó yẹ nǹkan wò, ibi tí a ti máa lò ó ni kó ti yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe ibi tó rọ òun lọ́rùn. Ibi tí àlọ́ mi yí dé nìyí. Kò yí mọ́.