Iná Ẹ́ńjìnnì Tí Wọn Ò Gbà Gbọ́

Obìnrin kan wà ní apá Òkè-Ògùn. Nọ́ọ̀sì ni, iṣẹ́ agbẹ̀bí ló sì ń ṣe. Ìletò márùn-ún ló wà lábẹ́ ìtọ́jú rẹ̀, ọkọ̀ àlòkù kan ló sì fi ń lọ láti ọ̀kan dé èkejì.

Lọ́jọ́ kan, bí ó ti ń gun òkè lọ, iná kékeré kan tó rí bí àwòrán ẹ́ńjìnnì tàn níwájú rẹ̀ lórí dáṣíbọ́ọ̀dù. Ọkọ̀ náà gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan bí ẹni tí òtútù mú. Nígbà tí yóò fi sọ̀ kalẹ̀ lódìkejì òkè náà, iná ti kú.

Kò fi falẹ̀. Ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì rẹ̀ ló gbà lọ tààrà. Mẹkáníìkì ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó tẹ́tí sí ẹ́ńjìnnì, ó wo dáṣíbọ́ọ̀dù, kò rí iná kankan.

"Nọ́ọ̀sì, kò sí nǹkan tó ń ṣe ọkọ̀ yín."

"Iná tàn, ọ̀gá. Ojú mi báyìí ni mo fi rí i."

"Iná tó bá tàn lóòótọ́ á dúró kí èèyàn rí i."

Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún tàn. Nọ́ọ̀sì tún lọ, iná sì ti tún kú kó tó débẹ̀. Mẹkáníìkì náà ń ta ayò pẹ̀lú àwọn awakọ̀ kan lábẹ́ igi, kò tilẹ̀ dìde. Ó ní, "Ẹ̀yin obìnrin, ẹ̀rù ọkọ̀ máa ń bà yín jù." Àwọn tó jókòó tì í bú sẹ́rìn-ín. Lẹ́ẹ̀kẹta, kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán. Ó gé téèpù dúdú, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tí iná náà máa ń ti tàn, ó ní, "Ẹ ò ní rí i mọ́ báyìí. Ọkàn yín á balẹ̀."

Nọ́ọ̀sì wakọ̀ jáde níbẹ̀, ara rẹ̀ ń gbóná. Ó ti tó ogún ọdún tó ti ń gbẹ̀bí, ọwọ́ lásán ló fi ń mọ ọmọ tó bá dábùú nínú ìyá rẹ̀. Ẹnìkan wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó ń sọ fún un pé kò mọ ohun tí ojú ara rẹ̀ rí. Kò tíì délé tó fi ṣí téèpù náà dànù.

Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, ó ń gbé aláboyún kan tó ń rọbí, tí ẹ̀jẹ̀ sì ti ń dà lára rẹ̀, lọ sí ọsíbítù ńlá. Ìyá ọkọ obìnrin náà wà pẹ̀lú wọn. Lórí òkè kan tó jìnnà sí ilé, iná náà tàn, ọkọ̀ gbọ̀n, ó sì kú pátápátá. Nọ́ọ̀sì yí kọ́kọ́rọ́ títí, kò jẹ́. Orí ìjókòó ẹ̀yìn ló ti gbẹ̀bí náà, ìyá ọkọ na aṣọ ìró bo ojú fèrèsé. Ọmọ ké. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ìyá kò dá. Ó tó wákàtí kan kí ọkọ̀ akẹ́rù kan tó kó wọn. Ní ọsíbítù, wọ́n yọ ilé ọmọ obìnrin náà kí ẹ̀mí rẹ̀ má bàa bọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni.

Lọ́jọ́ kejì, mẹkáníìkì wá sídìí ọkọ̀ náà níbi tó kú sí. Ó káwọ́ lérí. "Háà! Nọ́ọ̀sì, kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

Nọ́ọ̀sì wò ó. "Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo sọ."

"Ṣùgbọ́n kò tàn lójú mi."

"Ṣé ojú yín nìkan ni ojú?"

Kò jẹ́ kó fọwọ́ kan ọkọ̀ náà. Ó ránṣẹ́ sí bàbá kan ní ìlú kejì, rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe. Ọkọ̀ ti tutù nígbà tí bàbá náà dé, nígbà tí wọ́n sì yí kọ́kọ́rọ́, ó jẹ́. Bàbá kò ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ó kọ́kọ́ béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni kò béèrè rí: "Ìgbà wo ló máa ń tàn?"

Nọ́ọ̀sì sọ ọ́ fún un: tó bá ń gun òkè ni, tí ẹ́ńjìnnì bá ti gbóná, tí kòtò bá sì gbé ọkọ̀ sọ. Kì í tàn lórí ilẹ̀ tó tẹ́jú. Bàbá jókòó tì í, wọ́n gun òkè náà lẹ́ẹ̀mejì, iná kò tàn. Lẹ́ẹ̀kẹta, ó tàn. "Ẹ dúró. Ẹ má pa ẹ́ńjìnnì." Bàbá sọ̀ kalẹ̀, ó wá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó ń fi igi tẹ́ẹ́rẹ́ mi àwọn wáyà níkọ̀ọ̀kan. Ó kan ọ̀kan, ẹ́ńjìnnì sì gbọ̀n. Irin ti ha wáyà náà títí ara rẹ̀ fi bó. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti fì sẹ́yìn lórí òkè, wáyà náà á kan irin. Kò gba bàbá ní ìdajì wákàtí láti tún un ṣe.

Nọ́ọ̀sì jókòó sí etí ọ̀nà, ó sunkún. Kì í ṣe ẹkún ayọ̀. Ìdajì wákàtí!

Akínwùnmí, ìwọ tí mò ń sọ ìtàn yìí fún, ìwọ ni mò ń bá wí. Ó di oṣù mẹ́rin tí ìyàwó rẹ ti ń sọ pé àyà ń dun òun. Torí pé ara rẹ̀ le nígbà tí o bá wò ó, o pè é ní ọ̀lẹ. O wá mú un wá síwájú mi lónìí pé kí n bá a wí, kí ó lè dákẹ́. Mi ò ní bá a wí. O ò tilẹ̀ mọ ìgbà tó ń dùn ún, torí o ò bi í rí. Dìde. Mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà nísinsìnyí, kó o jókòó tì í níbẹ̀, kó o sì jẹ́ kó sọ̀rọ̀ tán.