Ilẹ̀ Lọ́ọ̀dù

Lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́, Akínlàbí kọ̀, kò dọ̀bálẹ̀ fún àwọn òbí Tinúadé, àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

“Mo ra ilẹ̀ ní Sìkọ́tílándì, wọ́n fún mi níwèé oyè Lọ́ọ̀dù, ìjòyè òyìnbó. Lọ́ọ̀dù kì í dọ̀bálẹ̀.”

“Mo gbé ibẹ̀ rí,” ni bàbá ìyàwó wí. “Ìwé ìrántí tí wọ́n ń tà fún àlejò nìyẹn, kì í ṣe oyè. Ẹ kó iṣu yín, kò sí ìyàwó mọ́!”

Tinúadé bú sẹ́kún. Ìyá àgbà rẹ̀ bi Akínlàbí pé: “Àna wa, báwo ni ilẹ̀ náà ṣe tóbi tó?”

“Ó tó àwo ìjẹun, Màmá.”

“Yéè! Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ tí o kò lè dọ̀bálẹ̀ sí lo fi joyè? Tiwa fẹ̀, ọmọ mi. Nà!”

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Akínlàbí náà rẹ́rìn-ín, ó sì nà gbalaja.

Bàbá ìyàwó nu omijé ẹ̀rín nù: “Kábíyèsí Sìkọ́tílándì, dìde. A ti fún ọ níyàwó.”