Kọ̀ǹpútà Tó Ń Dá Ilẹ̀kùn Dúró

Ẹ bá mi kí Mojírádé, akọ̀wé tí ń tọ́jú fáìlì òṣìṣẹ́. Ọ̀gá Akíndélé ní kó ṣí gbogbo àwòrán wọn nínú kọ̀ǹpútà tuntun kó tó di ọ̀sán, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ kó máa lọ sílé. Kò sì gbọdọ̀ fi ètò kankan kún kọ̀ǹpútà náà. Àwòrán ò ṣí, nítorí ètò kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí wọ́n fi tọ́jú wọn kò sí nínú tuntun. Ló bá kúnlẹ̀: "Sà, ṣé mo lè lo kọ̀ǹpútà àtijọ́ tí ẹ fi ń dá ilẹ̀kùn dúró?" Ọ̀gá rẹ́rìn-ín: "Pàǹtírí yẹn? Máa mú un." Ó nù ún, ó tàn án, ó da àwọn fáìlì sínú rẹ̀, ni àwòrán bá ń yọ. Ọ̀dọ́kùnrin kan ló kọ́kọ́ yọ, irun kún orí rẹ̀ bí igbó. "Ta nìyí?" "Ẹ̀yin ni, sà, lọ́dún tí ẹ wọṣẹ́." Ọ̀gá fọwọ́ pa orí rẹ̀ tó ti pá. "Lọ wá òkúta sídìí ilẹ̀kùn," ló wí. "Èyí ti níṣẹ́."